Bàbá Òṣùwọ̀n àti Ọjọ́ Orí Àlàájà

Nehemiah Ọlágòkè kò ga. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́rin ni. Mo mọ̀ nítorí òun fúnra rẹ̀ ló fẹ̀yìn ti ògiri ilé ẹrù kòkó ní Iléṣà, tó ní kí n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sókè orí òun. Ó ní ìlà àkọ́kọ́ wọ́. Mo tún un fà.

Ọdún mọ́kànlélógún la jọ lò nídìí òṣùwọ̀n kòkó. Èmi ń gbé àpò, òun ń wọ̀n ọ́n. Àpò kan gbọ́dọ̀ jẹ́ kílò méjìlélọ́gọ́ta àti ààbọ̀. Tó bá dín, á ní kí n gbé e kúrò. Tó bá lé, á ní kí n gbé e kúrò. Ẹ̀yìn mi kò gbàgbé.

Láràárọ̀, kí àgbẹ̀ kankan tó wọlé, Nehemiah á kọ́kọ́ gbé irin ogún kílò lé òṣùwọ̀n. Èdìdì ìjọba wà lára irin náà. Tí abẹ́rẹ́ bá dúró lórí ogún, a ó ṣí ilẹ̀kùn. Tí kò bá dúró lórí ogún, ilẹ̀kùn ò ní ṣí, bí ẹni tó wà níta tilẹ̀ jẹ́ bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà níta lọ́jọ́ kan. Ó dúró títí di aago mẹ́wàá.

Ó mọ gbogbo ọgbọ́n tí àwọn èèyàn ń dá. Ó mọ ẹni tó da omi sí kòkó. Ó mọ ẹni tó fi òkúta sáàárín àpò. Ó mọ ẹni tó ń kí ọ, tó ń béèrè ara ìyàwó àti ọmọ, tí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí òṣùwọ̀n. Ó máa ń sọ pé, “Òṣùwọ̀n kì í purọ́. Ohun tí wọ́n bá gbé lé e àti ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń purọ́.”

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Òṣùwọ̀n. Kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà.

Ní ọdún 1986, ìjọba tú ilé iṣẹ́ kòkó ká. Èmi padà sóko. Nehemiah ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun. Ó ń fọ fọ́tò wọn nínú yàrá òkùnkùn. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, gbogbo ayé kó wá sí Òṣogbo. Ọmọ Iléṣà kan, Dókítà Adétọ́lá, ṣí ilé ìwòsàn sí Òkè-Fìà. Ní 1994 ó gbé ẹ̀rọ kan wálé láti ìlú òyìnbó. Àlòkù ni. Ẹ̀rọ tó ń wọn egungun ni. Ó wá Nehemiah kàn, ó ní kó wá máa tọ́jú rẹ̀. Nehemiah wá mi kàn, ó ní kí n wá máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Mo bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń wọn egungun tí ẹran ṣì wà lára rẹ̀.

Ó ní, “Micah, gbé fìtílà sẹ́yìn aṣọ. Aṣọ tó ki á dí ìmọ́lẹ̀. Aṣọ tó ti gbó á jẹ́ kó kọjá. Egungun ni aṣọ yẹn.”

“Fìtílà dà?”

“Ó wà lábẹ́ ibùsùn. Ojú ò rí i.”

N kò béèrè mọ́. Ó ti yé mi.

Ẹ̀rọ náà dà bí tábìlì gígùn tó ní apá lókè. Èèyàn á sùn sórí rẹ̀, apá náà á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lókè èèyàn. Lẹ́yìn náà ìwé á jáde. Iye egungun á wà lórí ìwé, àti àfiwé méjì. Wọ́n á fi ọ́ wé ọ̀dọ́, wọ́n á sì fi ọ́ wé ẹgbẹ́ rẹ.

Ẹ̀rọ náà ní irin ogún kílò tirẹ̀. Kì í ṣe irin. Ike kan ni, tí wọ́n di egungun àtọwọ́dá sínú rẹ̀, tí àwọn tó ṣe é ti kọ iye rẹ̀ sára. Láràárọ̀ Nehemiah á gbé ike náà sórí tábìlì, á wọ̀n ọ́n, á kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Dókítà kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ṣé ojoojúmọ́ náà ni?”

“Ẹ̀rọ sùn lánàá, Dókítà. Ẹni tó bá sùn, a máa ń kí i pé ṣé ó jí dáadáa.”

Àwọn tó wá síbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó ń ta kòkó. Ọkùnrin kan wá láti Ìkìrun. Ní ọjọ́ kẹta ṣáájú, ó ti mu oògùn funfun kan tí wọ́n fi ń ya àwòrán ikùn. Nehemiah ní kó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pé oògùn náà ṣì wà nínú rẹ̀, pé ẹ̀rọ á kà á mọ́ egungun. Ọkùnrin náà ní òun ti sanwó mọ́tò. Nehemiah ní, “Ẹ kú ìrìn.” Bàbá kan tún wá tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti hu kókó. Ẹ̀rọ ka kókó mọ́ egungun, ìwé ní bàbá náà lágbára bí ọmọ ogún ọdún. Bàbá náà kò sì lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà. Nehemiah ní kí Dókítà fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀, kó wo ti itan. Ìtàn tí itan sọ yàtọ̀.

Nígbà tó yá Dókítà kò fi í rẹ́rìn-ín mọ́.

Oṣù kẹjọ ọdún 1996 ni Àlàájà Fàtímọ̀ Sànúsí dé. Opó ni, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ti ń ta ìkòkò amọ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n lójú kó tó wá. Kò sẹ́ni tó ń gba àdúgbò yẹn tí kò mọ̀ ọ́n. Ìkòkò méje ló máa ń tò léra lórí, á fọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, á máa bá èèyàn ṣàríyànjiyàn lọ lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ yẹn kò ru nǹkan kan. Wọ́n ti fi pọ́ọ̀pù funfun tí wọ́n fi ń to egungun di ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Humairah, tó ń ṣe tíṣà ní Kàdúná, ló dì í mú.

Àlàájà wò mí láti òkè délẹ̀. “Gáàdì, ṣé ibí ni wọ́n ti ń ta egungun?”

“Wọn kì í tà á, Àlàájà. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni.”

“Ta ló ń wọn ohun tí kò ní tà?”

Humairah bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Mo ní n kò bínú.

Ọwọ́ tó ṣẹ́ ló gbé wọn wá. Àlàájà ní òun kò ṣubú. “Mo jókòó lójijì ni. Ọwọ́ ló ṣáájú mi délẹ̀.” Ṣùgbọ́n Humairah ti ka ìwé, ó mọ̀ pé egungun tó bá ṣẹ́ nítorí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti ṣàdéhùn kí wọ́n tó kúrò nílé. Humairah tún un sọ níwájú mi kí ẹlẹ́rìí lè wà.

“Màámi, ẹ sọ ọ́ kí bàbá yìí gbọ́.”

“Mo ti sọ ọ́. Bí ìwé bá ní egungun mi dáa, ìwọ nìkan lo máa padà sí Kàdúná. Bí ìwé bá ní kò dáa, n ó sọ ìkòkò kalẹ̀, n ó bá ọ lọ.”

“Ẹ búra.”

“N kò ní búra. Ẹni tó ti dé Mẹ́kà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti tó.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ọdún Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìgbà tí ìkòkò ń tà tó ìgbà yẹn, nítorí àlejò á pọ̀ lódò. Ọgọ́rin ìkòkò ló wà nílé Àlàájà tó fẹ́ rù lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa tú pọ́ọ̀pù náà. Ọjọ́ Sátidé náà ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ru ìkòkò.

N kò sí nínú yàrá ẹ̀rọ. Nehemiah ló sọ èyí tó kàn fún mi. Nọ́ọ̀sì Tèmi tó wà níbẹ̀ sì sọ bákan náà.

Nehemiah ní kí Àlàájà bọ́ gbogbo ohun irin. Ó bọ́ yẹtí. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́. Nọ́ọ̀sì Tèmi fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, nǹkan dún.

Nehemiah bi í pé, “Kí nìyẹn, Àlàájà?”

“Kọ́kọ́rọ́ ilé ìkòkò mi. Okùn yẹ̀rì ni mo so ó mọ́.”

“Ẹ tú u.”

“Láti ọdún tí ọkọ mi kú, kọ́kọ́rọ́ yìí ò kúrò ní ìdí mi rí. Kí ló kàn ẹ̀rọ níbẹ̀?”

“Tó bá rí i, á kà á mọ́ egungun ẹ̀yìn yín. Á ní ẹ le bí irin.”

“Ṣé ìyẹn wá burú?”

Humairah ló tú u. Ó dì í mú bí ẹni tó di ẹyin mú.

Nehemiah béèrè ọdún tí wọ́n bí i. Àlàájà yíjú sí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Humairah, fún un ní pásípọ́ọ̀tù tí mo fi lọ sí Mẹ́kà.” 1928 ló wà níbẹ̀. Nehemiah tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ó gbé ẹsẹ̀ Àlàájà sórí àpótí, ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sínú díẹ̀ bó ṣe yẹ, ó ní kó má mira. Ẹnu Àlàájà nìkan ló ń mì. Ó ń sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rù má bà á. Ó ní bí apá ẹ̀rọ yẹn ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe rìn lọ́jọ́ òmìnira, ní 1960. Wọ́n kó gbogbo ọmọge àdúgbò tí kò tíì relé ọkọ jọ, kí wọ́n gbé àsíá yí ìlú ká. Òun ló gbé e ṣáájú.

Ìwé jáde. Dókítà kà á. Egungun rẹ̀ kò tó ti ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ló wà.

“Egungun yín bá ọjọ́ orí yín mu, Àlàájà. Àmọ́ ẹ rọra o, ẹ má...”

Kò gbọ́ èyí tó kù. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ọmọ rẹ̀. “Kọ́kọ́rọ́ mi dà?” Nígbà tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Gáàdì, wọ́n ní mo dáa. Ó dàárọ̀, Kàdúná!” Ojú Humairah kò dùn.

Ní aago méjì ọ̀sán, èmi àti Nehemiah jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a ń jẹ iyán. Ó gé òkèlè kan, kò gbé e sẹ́nu.

“Micah, nígbà tiwa, ọmọ ọdún mélòó ni obìnrin máa ń jẹ́ tó bá relé ọkọ?”

“Méjìdínlógún. Ogún. Tó bá pẹ́ jù, méjìlélógún.”

“Àlàájà ní ọmọge ni òun lọ́jọ́ òmìnira. Ìwé ní ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni lọ́jọ́ yẹn.”

Mo rò ó. “Ọmọge tó ti hu irùngbọ̀n ni wọn ì bá gbé àsíá yẹn fún.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi òkèlè sílẹ̀, ó fọwọ́. N kò rí i rí kó fi iyán sílẹ̀. Ó ní, “Ìwọ̀n èké ni mo fún un.”

Ó lọ bá Dókítà. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn.

“Dókítà, bó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí tí mo tẹ̀ kò tọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹni nǹkan bí ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni?”

Dókítà mú ìwé náà, ó ṣírò. Ó ní iye egungun kò ní yí padà, ẹgbẹ́ tí wọ́n fi í wé ló máa yí. Láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, Àlàájà á rẹlẹ̀ gan-an. Ẹni bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti ṣẹ́, oògùn ló yẹ kó máa lò. Ẹrù ò gbọdọ̀ dé orí rẹ̀. Tó bá ṣubú pẹ̀lú ìkòkò méje, itan ló kàn.

“Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba lẹ rí, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi.”

“N kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ìwé yẹn ni mo fẹ́ gbà padà.”

Dókítà mí kanlẹ̀. “Àwọn ẹgbẹ́ tó wà nínú ẹ̀rọ yìí náà, ìyá òyìnbó ni gbogbo wọn.”

“Ìyẹn ti ń bí mi nínú tipẹ́. N kò lè tún un ṣe. Èyí tí mo lè tún ṣe wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.”

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Sátidé ku ọjọ́ méjì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ní aago mẹ́rin ààbọ̀, a gun ọ̀kadà lọ. Àlàájà jókòó láàárín ìkòkò níbi ìsọ̀ rẹ̀, ó ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka. Obìnrin kan kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Àgbékẹ́ lorúkọ rẹ̀, iyọ̀ ló ń tà ní ìsọ̀ kejì.

“Àlàájà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ara ọwọ́ yín ńkọ́?”

“Ó ti ń sàn. Dìde, àbúrò mi.”

Nehemiah wo irun Àgbékẹ́. Ó wo ojú Àlàájà. Ó dúró títí Àgbékẹ́ fi lọ.

“Àlàájà, ìwé tí mo fún yín, mo wá gbà á.”

“Ẹni tó fúnni lẹ́bùn kì í gbà á padà, Nehemiah.” Ìwọ ló ń pè é, nítorí nínú ìwé, Àlàájà fi ọdún mélòó kan jù ú lọ.

“Kì í ṣe ẹ̀bùn. Ìwọ̀n ni. Ọjọ́ orí tí mo tẹ̀ sí i kò tọ́.”

“Ó wà nínú pásípọ́ọ̀tù.”

“Ti pásípọ́ọ̀tù nìyẹn. Ti ìyá yín ńkọ́?”

Ọwọ́ Àlàájà dúró lórí ìkòkò. “Ìjẹ̀ṣà, máa lọ sílé rẹ.”

Nehemiah kò lọ. Ó lóṣòó.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Mo lóṣòó.”

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ kiri, tí oníbàárà kò bá dá wọn lóhùn, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò ní dìde títí ohun tí wọ́n wá gbà á fi tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àlàájà kígbe.

“Òṣómàálò! Ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ gbà mí o! N kò ra aṣọ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí rí o!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ojúde kejì ní, “Àlàájà, ẹ fún un ní ìkòkò kan kó máa lọ!” Nehemiah kò mira. Nígbà tí oníbàárà dé, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí ìkòkò wò. Lílóṣòó náà ló fi sún. Mo wo aago mi. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ló lò bẹ́ẹ̀.

Àánú rẹ̀ wá ń ṣe Àlàájà. “Eékún rẹ ò dùn ọ́?”

“Ó ń dùn mí. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí.” Ó fọwọ́ ti eékún. “Nínú ìwé ìjọba, mọ́kàndínlọ́gọ́ta.”

Mo yíjú sí i. Láti 1965 la ti jọ wà. N kò gbọ́ ọ rí.

Ó ní, “Ní 1986, wọn kì í gba ẹni tó bá lé ní àádọ́ta sí ilé ìwòsàn yẹn. Mo ti pé mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mo bu márùn-ún kúrò. Ìwọ̀n èké kan ṣoṣo tí mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ láyé mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà wọn tèmi, ti ìyá mi ni mo tẹ̀.”

Àlàájà rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí ìkòkò mú. Lẹ́yìn náà ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìwọ bù ú kúrò. Èmi bù ú lé.”

Ó sọ ọ́. Ní 1983 ó ti tọ́jú owó Mẹ́kà pé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, kò bí ọkùnrin. Ajẹ́ńtì tó ń kó èèyàn lọ sí Mẹ́kà ní obìnrin tí kò bá tíì pé ọdún márùndínláàádọ́ta kò lè lọ láìsí ọkùnrin ilé rẹ̀ tó máa sìn ín. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni. Ajẹ́ńtì bi í pé mélòó ló fẹ́. Ó ní kó kọ iye tí ẹnikẹ́ni kò ní jiyàn sí.

“Ó kọ márùndínlọ́gọ́ta. Mo rò pé tí mo bá dé, n ó padà sí tèmi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ka orúkọ wa jáde ní mọ́ṣáláṣí, pẹ̀lú ọjọ́ orí. Àwọn àgbà tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi ti kú tán. Bí mo ṣe dé, àwọn tó jù mí lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Àgbékẹ́ tí ẹ rí yẹn kó wá láti Ìkìrun ní 1985. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, ó kéré tán. Mọ́kànlá ọdún ni mo ti ń ní kó dìde, àbúrò mi.” Ó nu ojú. “Ní 1988 Humairah pa àgbò fún ọgọ́ta ọdún mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Mo jẹ ẹran náà.”

“Ẹ ò bi àlùfáà yín bóyá Ọlọ́run gba Mẹ́kà náà?”

“Ẹ̀rù ìdáhùn ń bà mí.”

“Mẹ́tọ́díìsì ni mí,” Nehemiah ní. “N kò mọ ti Mẹ́kà. Egungun ni mo mọ̀.”

“Tí mo bá sọ tòótọ́ fún ẹ̀rọ, ṣé kò lè tún sọ pé mo dáa?”

“Kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà ti ṣírò rẹ̀.”

“Ìkòkò orí mi lo wá gbà nígbà náà, kì í ṣe ìwé.” Ohùn rẹ̀ le. “Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ. Kí n lọ máa jókòó ní Kàdúná bí ẹrù tí wọ́n kó wálé?”

Nehemiah mú ìkòkò kan. “Èyí tó bá sán, tí ojú ò rí i, báwo lẹ ṣe ń mọ̀?”

“Mo ń kàn án. Èyí tó dáa á dún gan-an. Ohùn èyí tó sán kì í jáde.”

“Tí ẹ bá ta ọ̀kan fún ìyálọ́mọ kan, tó gbé e lọ, tí ẹ wá rántí pé èyí tó sán ni ńkọ́?”

Àlàájà gba ìkòkò náà lọ́wọ́ rẹ̀. “N ó sáré tẹ̀ lé e.”

“Mo sáré tẹ̀ lé yín nìyí.”

Àlàájà wo ìkòkò náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ta ló máa gbọ́?”

“Èmi. Dókítà. Ọmọ yín.”

“Ẹni tó dúró yìí ńkọ́?” Èmi ló ń wò.

“Micah gbé kòkó fún ọdún mọ́kànlélógún. Kò sọ iye àpò kan fún ẹnikẹ́ni rí.”

Òtítọ́ ni. N kì í rántí iye rẹ̀ ni.

Nehemiah fẹ́ dìde. Kò lè dìde. Èmi àti Àlàájà la jọ fà á sókè, òun pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n tú pọ́ọ̀pù ọwọ́ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Àlàájà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. “1942.” Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Nehemiah kò ní kó tún sùn sórí ẹ̀rọ. Ó ní egungun kò yí padà láti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ orí ló yí. Ó tẹ̀ ẹ́, ìwé tuntun jáde. Ó gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ Àlàájà, ó ya á sí mẹ́rin.

Humairah ń ka tuntun náà. Ó kà á dé òkè. “1942? Màámi! Àgbò tí mo pa ńkọ́?”

“O pa á. A jẹ ẹ́. Ó dùn.”

Humairah jókòó sórí àga. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Mo rò pé ẹ̀rín ni.

Dókítà kọ oògùn. Ó ní kí Àlàájà máa mu mílíìkì, kó máa jẹ ẹja tegungun tegungun, kó máa rìn dáadáa. Kò ní kó má tajà. Orí ni kò gbọdọ̀ ru nǹkan mọ́. Àlàájà yá ọmọlanke, ó fi kó ọgọ́rin ìkòkò náà lọ sí ìsọ̀, gbogbo rẹ̀ sì tà tán lọ́dún Ọ̀ṣun yẹn.

Lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun náà Humairah ní àdéhùn kù. Àlàájà ní òun kò gbàgbé. Ó bá a lọ sí Kàdúná. Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, ó padà dé. Ó ní, “Mo ní n ó bá a lọ. N kò sọ iye ọjọ́.” Nehemiah ní àlàyé náà tọ́.

Ní 1998 wọ́n tún un wọ̀n. Nehemiah ti kìlọ̀ fún un pé kó má lọ wọ̀n ọ́n níbòmíràn, pé òṣùwọ̀n méjì kì í gbọ́ èdè ara wọn. Ẹ̀rọ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Iye náà ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀. Dókítà fẹ́ yọ̀. Nehemiah ní kó má yọ̀. Tí wọ́n bá wọn ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan náà, ìyàtọ̀ tó tóyẹn máa ń wà. “Ẹ kọ ọ́ pé kò dín.” Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò dín, ìyẹn náà sì tó ayọ̀.

Láti Sátidé tí Àlàájà ti sọ 1942, ẹnikẹ́ni tó bá sùn sórí ẹ̀rọ, Nehemiah á bi í pé, “Ọdún wo? Ti ìwé ni, àbí ti ìyá yín?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wo ẹ̀yìn, wọ́n á sì sọ ọ́. Láti oṣù kẹsàn-án sí ìparí ọdún 1996, èèyàn mẹ́tàléláàádọ́rin ló wá. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú wọn ló ní ọjọ́ orí méjì. Ó wà nínú ìwé kékeré yẹn.

Tí kò bá sẹ́nì kankan nítòsí, “ẹ̀yin” ni Àlàájà ń pe Nehemiah báyìí. Tí èèyàn bá wà, “ìwọ” ni.

Mo kọjá ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tó ti Kàdúná dé. Àgbékẹ́ ń bọ̀ wá kí i. Ó fọwọ́ tilẹ̀ láti kúnlẹ̀. Àlàájà ti dìde kánkán, ó di ìgúnpá rẹ̀ mú kí eékún rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

“Má kúnlẹ̀ mọ́, Àgbékẹ́. Egungun wa ni. Dókítà ní ká máa ṣọ́ eékún.”

“Àlàájà mi, ẹ mà ń rò tiwa o.”

Àlàájà wò mí láti orí èjìká Àgbékẹ́. Mo ń wo ìkòkò.